Òkúta Newgrange ò lè sọ ọjọ́ orí ẹ̀, èédú àti eegun ni wọ́n bi léèrè

Arábìnrin wa kan tó ń gbé ní Drogheda, nílẹ̀ Ireland, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o sà. A kó àwọn ọmọ lọ wo Newgrange, ẹni tó ń júwe ibẹ̀ fún wa ní ibojì yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún, pé ó dàgbà ju pírámíìdì Íjíbítì lọ. Ọmọ mi ọkùnrin wá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ iléèwé ẹ̀, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìwé àtijọ́ kan ní 2500 kí wọ́n tó bí Jésù, èyí tó jẹ́ tuntun ní 3200. Ti àwọn ibojì olókúta Carrowmore ní Sligo ló tún wá burú, ibì kan ní 5400, ibòmíì ní 3700. Ọkọ mi ní wọ́n kàn ń méfò ni, pé ta ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fi kábọ́ọ̀nù mọ ọjọ́ orí òkúta, èwo ni kí ọmọ yìí kọ sílẹ̀, ṣé wọn ò sì lè ṣe irú ẹ̀ fún Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn wa ni?"

Ẹ ṣeun mà. Mi ò bá ọkọ yín jà rárá, torí tí èèyàn bá gbọ́ pé ọjọ́ orí nǹkan kan fi ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì, ó yẹ kó fura. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni inú ìbéèrè yín gan-an, níbi tí ẹ ti ní wọ́n ń fi kábọ́ọ̀nù mọ ọjọ́ orí òkúta. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òkúta ràbàtà mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tó yí Newgrange ká yẹn, ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ kí èèyàn kankan tó fojú kàn wọ́n, tí a bá tiẹ̀ rí ẹ̀rọ tó lè sọ ọjọ́ orí wọn, ọjọ́ tí òkúta di òkúta ló máa sọ, kò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ wá síbẹ̀. Nǹkan tó ti wà láàyè rí tó sì ti kú nìkan ni kábọ́ọ̀nù ń bá sọ̀rọ̀: igi, èédú, ọkà, eegun, ìwo àgbọ̀nrín. Nítorí náà gbogbo ọdún tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì olókúta, ọjọ́ ikú nǹkan kan ni, awalẹ̀pìtàn ló wá fi ọgbọ́n orí so ikú nǹkan yẹn mọ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ibojì. Nínú kí wọ́n so ó mọ́ra yẹn ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú láàbù.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ọmọ yín lè rí nǹkan kọ. Lókè lọ́hùn-ún nínú òfúrufú, àwọn ìtànṣán tó ń bọ̀ láti ibi jíjìnnà réré máa ń fa kí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ yí padà di oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14. Ó kéré níye gan-an, nínú tírílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, bí ẹyọ kan péré ni irú ẹ̀, kì í sì í dúró bẹ́ẹ̀ títí láé, díẹ̀díẹ̀ ló ń padà di náítírójìn. Ewéko máa ń gbà á wọra láti inú afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ jẹ ewé, èèyàn jẹ ewúrẹ́, gbogbo wa ló ní in lára níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń jẹ tí à ń mu. Ọjọ́ tí ẹ̀mí bá bọ́, tuntun ò wọlé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ á wá máa dín kù ṣáá. Lẹ́yìn ọdún 5,730 ìdajì ló máa kù, lẹ́yìn ọdún 5,730 míì ìdajì ìdajì yẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí tó fi máa kọjá bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọdún tí èyí tó kù ò ní ṣeé kà mọ́. Nǹkan tó kú nígbà tí wọ́n ń kọ́ Newgrange, ohun tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ lónìí fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Willard Libby àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Chicago ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1949, wọ́n sì fún un lẹ́bùn Nobel ní 1960. Nígbà yẹn wọ́n nílò èédú tó pọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó lè ka nǹkan kan, àmọ́ látìgbà tí ẹ̀rọ tó ń ka átọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan ti dé ní ìparí àwọn ọdún 1970, èérún tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ ti tó.

Ó yá, 2500 àti 3200. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. J. O'Kelly ló wa Newgrange láti 1962 sí 1975. Nígbà tó dé àjà, ó rí i pé àwọn tó kọ́lé yẹn fi ilẹ̀ tí wọ́n ti jó níná di àwọn àlàfo tó wà láàrín òkúta òrùlé kí òjò má baà jò wọlé, (títí dòní inú yàrá yẹn ṣì gbẹ o), èédú sì wà nínú ilẹ̀ jíjó yẹn. Ibi tó dáa jù lọ tí èèyàn lè ti rí èédú nìyẹn, torí lẹ́yìn tí wọ́n da òkè òkúta bò ó tán, kò sẹ́ni tó tún lè lọ fi nǹkan sáàrín òkúta òrùlé, tí kò bá ti sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, kò ní sí níbẹ̀ láéláé. Wọ́n gbé e lọ láàbù ní Groningen lórílẹ̀-èdè Netherlands, ìdáhùn méjì jáde, ọdún 4425 àti 4415 sẹ́yìn, pẹ̀lú àlékún tàbí àdínkù bí ogójì ọdún. "Sẹ́yìn" yìí, láti 1950 ni wọ́n máa ń kà á. Ẹ yọ 1950 kúrò nínú 4425, 2475 ló kù. Ibẹ̀ ni ìwé àtijọ́ yín ti rí 2500 ẹ̀, kò purọ́, ohun tí ẹ̀rọ sọ ló kọ. Àmọ́ Libby ti gbà pé ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù 14 inú afẹ́fẹ́ ò yí padà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ìyẹn ò sì rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń lágbára ó ń rẹlẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé náà ń pọ̀ ó ń dín, torí náà àwọn sànmánì kan wà tí kábọ́ọ̀nù 14 pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ju ti ìsinsìnyí lọ, nǹkan tó bá sì kú nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé èyí tó kó lọ pọ̀, á máa ṣe bíi pé ó kéré lọ́jọ́ orí.

Igi ló gbà wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ olótùútù, lọ́dọọdún ni igi máa ń fi òrùka kan kún ara ẹ̀, ọdún tí òjò bá dáa òrùka á fẹ̀, ọdún tí kò bá dáa á tín-ín-rín, òrùka kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́jú kábọ́ọ̀nù ọdún tiẹ̀. Tí ẹ bá ka òrùka igi tó wà láàyè wá sẹ́yìn, kí ẹ wá igi tó ti kú tí àwọn òrùka ìta ẹ̀ bá ti inú èyí mu, kí ẹ tún wá èyí tó dàgbà jù ú lọ, ẹ máa ní ẹ̀wọ̀n kan tí ẹ mọ ọdún gbogbo ojú ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi igi páìnì àwọn òkè Kalifóníà ṣe é, lẹ́yìn náà ni Jon Pilcher àti Mike Baillie ní Queen's University ní Belfast, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, lọ ń hú igi óòkù tó ti rì sínú irà láti ayébáyé, àwọn àti àwọn ará Jámánì so tiwọn pọ̀, ní 1984 wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 7,272 jáde. Nígbà tí wọ́n gbé 4425 ti Groningen sórí ìwọ̀n àwọn igi yìí, ó bọ́ sáàrín nǹkan bíi 3300 sí 2900 kí wọ́n tó bí Jésù, ibẹ̀ ni 3200 tí gbogbo ayé ń kígbe ti wá. Ẹ sì wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ 2475 ló wà lórí tábìlì, Newgrange kéré díẹ̀ sí pírámíìdì ńlá Giza tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bíi 2560, àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Gordon Childe tó ti sọ pé láti apá ìlà oòrùn ni ọgbọ́n òkúta ńlá ti ṣẹ́ wá sí Yúróòpù ṣì rí ibi dúró sí. Igi dé tán, Newgrange fi bí ẹgbẹ̀ta ọdún ju pírámíìdì lọ, àwọn ibojì míì ní Brittany lórílẹ̀-èdè Faransé sì ju tìẹ náà lọ fíìfíì, ọ̀rọ̀ pé Íjíbítì ló kọ́ wọn bá dópin. Awalẹ̀pìtàn Colin Renfrew ló wá sọ ọ́ síta gbangba ní 1973. Ní 2019, Bettina Schulz Paulsson kó ọjọ́ orí tó lé ní 2,400 jọ káàkiri Yúróòpù, ìṣirò ẹ̀ fi hàn pé àríwá ìwọ̀ oòrùn Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi 4500, tó wá gba etíkun lọ káàkiri.

Ti Carrowmore yàtọ̀ sí èyí, ẹ má papọ̀ mọ́ ọn o. Láàbù ò ṣe àṣìṣe kankan níbẹ̀, igi ò sì ní kí wọ́n ṣàtúnṣe. Göran Burenhult, ará Sweden, ló wà á láti ìparí àwọn ọdún 1970, ó rí èédú nísàlẹ̀ ibojì kan, èédú yẹn ní òun ti kú láti nǹkan bíi 5400. Àwọn kan bá ní àwọn ọdẹ àti apẹja tó wà ní Ireland kí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó dé ló kọ́ ibojì náà, pé ibẹ̀ gan-an ló lè jẹ́ orísun gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kọ́lé sórí ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn lónìí, tó jẹ́ pé lórí ilẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá kan ti ń yan àgbàdo tà láyé ọba ìgbà kan, èédú ẹ̀ ṣì wà nínú yẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí, tí ẹnì kan bá wá lọ́jọ́ iwájú tó mú èédú yẹn, tó ní ìgbà yẹn ni ẹ kọ́lé, ṣé òótọ́ ló sọ? Èédú ò purọ́, ìyá alágbàdo ló ń jẹ́rìí fún, ilé yín kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn lè ti dáná lórí òkè Carrowmore ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta débẹ̀. Ó tún ku ìṣòro kejì tí èédú ní. Igi óòkù lè lo ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún láàyè, inú igi sì ti kú tipẹ́ nígbà tí èèpo ẹ̀ ṣì ń dàgbà, tí èédú tí ẹ mú bá jẹ́ ti àárín igi, ọjọ́ orí tó máa sọ á ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú iná tí wọ́n dá. Ìdí nìyẹn tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí fi ń wá hóró ọkà, èèpo èso igbó, ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, àwọn nǹkan tí ẹ̀mí wọn ò gùn, kí a tó fọwọ́ kan èédú ńlá.

Nígbà tó yá, Robert Hensey àti Stefan Bergh padà sọ́dọ̀ àwọn ohun tí wọ́n ti rí ní Carrowmore, wọ́n ní èédú tó, wọ́n mú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi eegun àti ìwo àgbọ̀nrín ṣe, tí wọ́n sin pẹ̀lú òkú. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2013 sọ pé láàrín nǹkan bíi 3750 sí 2950 ni gbogbo ẹ̀ wà, kò sí ẹyọ kan tó sún mọ́ 5400. Ẹ wò ó, ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń sọ 5400 fún yín lónìí, ó ti pẹ́ tó kàwé gbẹ̀yìn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé sísun ni wọ́n ń sun òkú wọn nínú irú ibojì yìí, iná sì ń jẹ kólájìn, ìyẹn purotéènì inú eegun, run pátápátá, kólájìn yìí ni láàbù sì fẹ́. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó rí ọgbọ́n dá sí i, tí wọ́n fi lè lo ìwọ̀nba kábọ́ọ̀nù tó há sínú eegun tí iná ti sun di funfun. Ìyẹn náà ní tiẹ̀ lára o, torí eegun máa ń fa èéfín igi tí wọ́n fi sun ún mọ́ra, tí igi bá ti gbó jù, eegun náà á fi díẹ̀ dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má wá rò pé eegun ti parí ọ̀rọ̀. Eegun ń sọ ọjọ́ tí ẹni yẹn kú, ẹni yẹn lè kú kí wọ́n tó kọ́ ibojì, wọ́n sì lè gbé e wá síbẹ̀ nígbà tí ibojì ti di àlàpà. Ní Poulnabrone ní Clare, níbi tí Ann Lynch ti wa ilẹ̀ ní 1986 àti 1988, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tí eegun wọn wà nínú ibojì kan ṣoṣo yẹn, láti nǹkan bíi 3800 sí 3200, ẹgbẹ̀ta ọdún gbáko, ọmọ ìkókó kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ pé ayé bàbà àti tánganran ni wọ́n sin ín, lẹ́yìn tí àwọn tó kọ́ ọ ti di ìtàn tipẹ́. Tó bá jẹ́ eegun ọmọ yẹn nìkan ló kù ńkọ́? Oúnjẹ náà tún wà níbẹ̀: ẹni tó ń jẹ ẹja òkun ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, kábọ́ọ̀nù tó ti pẹ́ nínú omi ló ń jẹ, eegun ẹ̀ lè ṣe bíi pé ó fi ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún dàgbà ju bó ṣe rí lọ, àyàfi tí láàbù bá wo oríṣi kábọ́ọ̀nù míì tó wà lára eegun yẹn kí wọ́n fi mọ ohun tó ń jẹ. Ká má tíì sọ ti eegun tó ti wà ní mùsíọ́ọ̀mù fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará àtijọ́ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn náà, ara ẹran ni wọ́n ti rí i nígbà míì, kábọ́ọ̀nù tiẹ̀ á sì dàpọ̀ mọ́ ti òkú. Fífọ̀ la máa ń fọ̀ ọ́ títí, ìgbà míì ó ń bọ́, ìgbà míì ẹ máa kàn gbé eegun yẹn padà sínú páálí ni.

Ohun tó tún wá mú nǹkan dáa ni ìṣirò kan tí wọ́n fi orúkọ Bayes pè. Dípò kí wọ́n gbé ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ jọ, wọ́n á sọ fún kọ̀ǹpútà pé eegun yìí wà lábẹ́ tọ̀hún, torí náà ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá gé gbogbo ọdún tí kò ṣeé ṣe kúrò. Ní ibojì West Kennet ní Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èèyàn rò pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń sin òkú síbẹ̀. Ní 2007 Alex Bayliss, Alasdair Whittle àti Michael Wysocki gbé ìṣirò yìí lé àwọn eegun ibẹ̀, ó jáde pé ní nǹkan bíi 3640 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, bí ẹni mẹ́rìndínlógójì tó kọ́kọ́ wọbẹ̀, láàrín ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ni wọ́n sin gbogbo wọn. Ìran kan ṣoṣo! Èmi fúnra mi, nínú gbogbo ohun tí kábọ́ọ̀nù ti ṣe fún wa, èyí ló wú mi lórí jù, torí òkú tí à ń pè ní baba ńlá baba ńlá tẹ́lẹ̀ wá di àwọn tí ẹni tó ń sìnkú mọ̀ lójúkojú.

Ṣùgbọ́n irú ìdáhùn ṣàkó bẹ́ẹ̀ ò lè tètè wá fún Newgrange, ẹ sì jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ọkọ yín. Láàrín nǹkan bíi 3350 sí 2950, ìwọ̀n tí igi fún wa yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn ni pé kábọ́ọ̀nù 14 ń lọ sókè sódò nínú afẹ́fẹ́ nígbà yẹn débi pé ẹni tó kú ní 3300 àti ẹni tó kú ní 3000 lè ní ìdáhùn kan náà ní láàbù, kò sì sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè yanjú ìyẹn. Ọkùnrin kan tí eegun ẹ̀ wà nínú yàrá Newgrange, èyí tí Lara Cassidy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Trinity ní Dublin yẹ ẹ̀jẹ̀ ìran ẹ̀ wò ní 2020 tí wọ́n rí i pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tàbí òbí àti ọmọ ló bí i (ẹ má kọ ìyẹn sínú iṣẹ́ iléèwé o), òun náà sáàrín 3300 sí 3000 yẹn ló bọ́ sí. Ó bá èédú òrùlé mu, ó dáa, àmọ́ kò sọ ọdún kan pàtó. Torí náà 3200 tí wọ́n ń kọ káàkiri, àárín ibi tó ṣeé ṣe ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé 3200 géérégé, àsọdùn ni, ẹni tó bá sì ní àméfò ni, òun náà sọ àsọdùn, torí kò sí bí ẹ ṣe máa yí i tó máa di 2000 tàbí 4500. Ògiri òkúta funfun tó ń dán níwájú ẹ̀ yẹn lèmi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún, O'Kelly ló tún un tò bó ṣe rò pé ó rí, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń jiyàn lé e lórí títí dòní.

Kí ọmọ yín kọ ọ́ báyìí: wọ́n kọ́ Newgrange ní nǹkan bíi 3200 kí wọ́n tó bí Jésù, láàrín 3300 sí 2900, ti Carrowmore, láti nǹkan bíi 3750 sí 2950. Kó wá fi gbólóhùn kan kún un pé èédú inú òrùlé ni wọ́n fi mọ ti àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ eegun àti ìwo ni wọ́n fi mọ ti ìkejì. Tíṣà ẹ̀ máa mọ̀ pé ọmọ yìí kàwé.

Ó ku Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Wọ́n ti ń lo kábọ́ọ̀nù nílé wa tipẹ́, òun ni wọ́n fi mọ̀ nípa ẹni àtijọ́ tí Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn ẹ̀ wú jáde ní Ìwó Elérú lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní 1965, èédú tó wà nítòsí ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 11,200 sẹ́yìn lórí ìwọ̀n láàbù, kí wọ́n tó ṣàtúnṣe ẹ̀, (èédú náà ni o, eegun kọ́). Ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an, èédú ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé láàrín nǹkan bíi 1100 sí 1400 lẹ́yìn tí wọ́n bí Jésù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan tí Peter Garlake wú ní ilẹ̀ Ọbalárá ti wá. Àmọ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn fúnra ẹ̀, gíránáìtì ni, kò sí nǹkan tí kábọ́ọ̀nù máa bá a sọ. Ẹ lè ní kí wọ́n wa ìdí ẹ̀, kí wọ́n wá èédú lábẹ́ ibi tó dúró sí, ṣùgbọ́n ó ti ṣubú rí wọ́n sì ti tún un gbé nàró, ilẹ̀ tó wà nídìí ẹ̀ ti dà rú, èédú tí ẹ bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni àwọn ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Irin tí àwọn àgbẹ̀dẹ ayé ọjọ́un fi èédú yọ́, èédú yẹn máa ń wọnú irin díẹ̀, wọ́n sì ti ń fi kábọ́ọ̀nù inú irin bẹ́ẹ̀ mọ ọjọ́ orí ẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n gé igi èédú yẹn ló máa sọ o, kò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n kan ìṣó, ká má tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n gbé òkúta dúró, irin àlòkù sì lè wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ gé lára ìṣó, kí wọ́n jó o níná. Ẹni tó bá máa lọ bá Ọọ̀ni tọrọ ìyẹn, kó máa lọ, èmi á dúró dè é lọ́nà ibi tí mo wà.